Níbo Ni Omi Ẹ́ńjìnì Ń Gbà Lọ? Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí BMW Àtijọ́ Tó Ń Jò

Ìbéèrè: Mo ń wa BMW 525i ti ọdún 2001, irú èyí tí wọ́n ń pè ní E39. Gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì ni mo máa ń bu omi kún táńkì kúláǹtì rẹ̀ (kúláǹtì ni omi tó ń mú ẹ́ńjìnì tutù), síbẹ̀ ilẹ̀ ibi tí mo ń gbé e sí gbẹ táútáú. Níbo ni omi náà ń gbà lọ?

Ọkọ̀ yín ń jò, ṣùgbọ́n kì í jò lásìkò tí ẹ ń wò ó. Ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá gbóná dáadáa, tí omi inú rẹ̀ sì ń fi agbára wá ọ̀nà àbáyọ, ni ó máa ń rí ihò jáde. Orí irin gbígbóná ni ó ń ta sí, ibẹ̀ náà ni ó sì ń gbẹ sí kí ẹ tó dé ilé. Nígbà tí ọkọ̀ bá tutù tán, ike á sún kì, ojú ihò á pa dé, ẹni tó bá sì bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ láàárọ̀ kò ní rí nǹkan kan.

Ìfúnpá inú ẹ̀rọ yìí ló mú kí ọ̀rọ̀ náà le. Lórí ọ̀pọ̀ E39, ìdérí táńkì kì í tú ìfúnpá sílẹ̀ títí yóò fi dé bar 2 (bar ni a fi ń wọn ìfúnpá), nígbà tí ti ọ̀pọ̀ Toyota tí a mọ̀ ládùúgbò kì í ju bíi bar 1.1 lọ. Ó nídìí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Omi lásán tí ohunkóhun kò tẹ̀ mọ́lẹ̀ ń hó ní 100°C, ṣùgbọ́n bí a bá fi bar 1 tẹ̀ ẹ́, ó di 120°C kí ó tó hó, bí a bá sì fi bar 2 tẹ̀ ẹ́, ó di bíi 133°C. Èyí ni ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnì lè gbóná púpọ̀ láìhó, òun náà ni ó sì jẹ́ kí ihò tí kò tó ojú abẹ́rẹ́ lè fọ́n omi dànù.

Nítorí náà, àmì gbígbẹ ni kí ẹ máa wá, kì í ṣe omi tó dágún sílẹ̀. Ẹ wo èérí funfun tàbí aláwọ̀ búlúù tó gbẹ mọ́ ẹ̀gbẹ́ táńkì, mọ́ ẹnu rọ́bà tàbí mọ́ ojú pọ́ǹpù, kí ẹ sì fọkàn sí òórùn tó dùn díẹ̀ nígbà tí ẹ bá ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì. Omi mímọ́ gaara tó ń kán lábẹ́ ọkọ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti lo éésì kì í ṣe ti ẹ́ńjìnì rárá. Bí ẹ bá fi ọwọ́ kàn án, kò ní yọ̀, kò sì ní rùn.

Ìbéèrè: Ọkọ̀ olówó ńlá ni nígbà tó jáde. Kí ló dé tí àwọn ohun inú rẹ̀ fi ẹlẹgẹ́ tó bẹ́ẹ̀?

Ọdún 1995 ni BMW bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe E39. Àwọn tó yàwòrán rẹ̀ fẹ́ kí ọkọ̀ náà fúyẹ́, kí ó má sì mu epo púpọ̀, wọ́n wá fi ike ṣe ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ti máa ń fi irin ṣe tẹ́lẹ̀: táńkì, etí méjèèjì rédíétọ̀ àti ọrùn rẹ̀, ilé tẹmósítáàtì (ohun tó ń ṣí ọ̀nà rédíétọ̀ fún omi nígbà tí ẹ́ńjìnì bá gbóná), ṣúúrù tí a fi ń tú afẹ́fẹ́ jáde, àní abẹ̀bẹ̀ inú pọ́ǹpù omi pàápàá lórí àwọn kan nínú wọn. Wọ́n tún jẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́ nínú ooru tó pọ̀, nítorí pé èyí ń dín epo tó ń jẹ kù. Tẹmósítáàtì ẹ́ńjìnì M54 tó wà nínú ọkọ̀ yín kì í ṣí títí omi yóò fi tó bíi 97°C, àyàfi bí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ bá fi iná mú kí ó ṣí ṣáájú àkókò náà.

Ike tó ń gbóná dé ibẹ̀ lójoojúmọ́, tó sì ń tutù lálaalẹ́, yóò gan, yóò sì sán bó pẹ́ bó yá. Mo fẹ́ràn ẹ́ńjìnì yìí gan-an, mo sì gbà pé ọwọ́ àwọn tó ṣe é mọ́. Ṣùgbọ́n ọdún díẹ̀ àkọ́kọ́ ọkọ̀ náà lọ́wọ́ ẹni tó rà á ní tuntun ni wọ́n rò nígbà tí wọ́n yan ike. Àwa tí a ra tòkunbọ̀ rẹ̀, tí a ń wà á nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Èkó, ni ike náà ń já lé lọ́wọ́. Bí ọkọ̀ kò bá rìn, kò sí atẹ́gùn tó ń gba iwájú wọlé sí rédíétọ̀, fáànù nìkan ni a gbójú lé, bí fáànù náà bá sì ti rẹ̀, ìfúnpá á máa gun dé òpin rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ìbéèrè: Báwo ni a ṣe lè mọ ojú ibi tó ń jò gan-an, láìjẹ́ pé a ń pààrọ̀ nǹkan kan lẹ́yìn òmíràn?

Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ wà níbi tó wà mọ́jú kí ó tutù pátápátá. Ẹ kò gbọdọ̀ ṣí ìdérí táńkì nígbà tí ẹ́ńjìnì gbóná, nítorí pé omi tó ju 100°C lọ yóò tú sókè sí yín lójú àti láyà, ó sì lè bó èèyàn lára yánnayànna.

Lẹ́yìn tí ó bá ti tutù, kí mẹkáníìkì fi ẹ̀rọ ìdánwò ìfúnpá dé ẹnu táńkì. Pọ́ǹpù ọwọ́ kékeré kan tó ní gééjì lórí ni, kò sì wọ́n bí a bá fi wé owó pọ́ǹpù omi kan ṣoṣo tí a rà láìnídìí. Kí ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i títí gééjì yóò fi ka bíi bar 1.5, kí ó sì fi í sílẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá ń wálẹ̀, omi ń jáde níbì kan, àǹfààní ńlá tó sì wà níbẹ̀ ni pé orí irin tútù ni ó ń jáde sí báyìí, níbi tí kò ti lè gbẹ kí a tó rí i. Ìdánwò kan yìí ni ó yanjú ìṣòro tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè yín, ó sì ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ kò ní in.

Kí a wá fi tọ́ọ̀ṣì wò ó láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, torí pé ibi tí omi ti kán sílẹ̀ kì í sábà jẹ́ ibi tó ti jáde. Orí táńkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíétọ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀: ibi tí ike òkè àti ti ìsàlẹ̀ ti pàdé, àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbi tí sẹ́ńsọ̀ tó ń ka ìwọ̀n omi wọlé sí. Òrùka rọ́bà ibẹ̀ máa ń gan. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọrùn rédíétọ̀ níbi tí rọ́bà òkè ti wọ̀ ọ́. Bí ike rẹ̀ bá ti pọ́n bíi kòkó, tó sì ń rún sí yín lọ́wọ́, ọjọ́ tí yóò já kò jìnnà mọ́. Ẹ wo ilé tẹmósítáàtì ní iwájú ẹ́ńjìnì. Pọ́ǹpù omi ní ihò kékeré kan lára tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dá sí i, bí omi bá sì ń gba ibẹ̀ jáde, rọ́bà inú rẹ̀ ti kú nìyẹn. Bí ẹ bá di abẹ̀bẹ̀ fáànù mú tí ẹ mì í, tí òpó pọ́ǹpù sì ń ṣípò, ọ̀rọ̀ ti parí.

Èyí tó máa ń tan àwọn mẹkáníìkì jẹ jù ni páìpù omi tó wà lábẹ́ maníífóòdù tí atẹ́gùn ń gbà wọ ẹ́ńjìnì. Òrùka rọ́bà ló dì í mú, kò sì sẹ́ni tó lè rí i láti òkè. Bí ó bá ń jò, omi á gba ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnì sọ̀ kalẹ̀ lọ sẹ́yìn, wọn á sì ní gíábọ́ọ̀sì tàbí tọ́ọ̀pù gáásíkẹ̀ẹ̀tì (èyí tó ń dí àárín orí àti ara ẹ́ńjìnì) ni. Ibi ìkọ̀kọ̀ kejì ni hítà. Kápẹ́ẹ̀tì tó rin ní iwájú, gíláàsì iwájú tó ń hu ìkùukùu tó yọ̀, àti òórùn dídùn nínú ọkọ̀ ń fi hàn pé inú dáṣíbọ́ọ̀dù ni omi ń jò sí. Àwa tí a kì í tan hítà máa ń gbàgbé pé omi ẹ́ńjìnì wà nínú rẹ̀.

Ìbéèrè: Mẹkáníìkì mi ti ní tọ́ọ̀pù gáásíkẹ̀ẹ̀tì ló ti lọ. Ṣé kí n gbà bẹ́ẹ̀?

Ẹ má tíì gbà. Bí ìfúnpá bá ń wálẹ̀ tí a kò sì rí ibi tó rin lóde àti nínú ọkọ̀, nígbà náà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó gbọ́. Ìdánwò tó yẹ ni ti oògùn olómi aláwọ̀ búlúù tí a ń gbé sí ẹnu táńkì nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́: bí èéfín epo jíjó bá ń wọ inú omi, oògùn náà á di pupa rúsúrúsú bí yẹ́lò. A tún lè tú àwọn púlọ́ọ̀gì wò lẹ́yìn tí a ti fi ìfúnpá sínú ẹ̀rọ fún wákàtí díẹ̀, kí a mọ̀ bóyá omi ti dé orí písítìnnì kan. Èéfín funfun tí kò dáwọ́ dúró, àti rọ́bà òkè tó le gbagidi láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí a dá ọkọ̀ tútù, jẹ́ àmì tó ṣe é gbára lé.

Ìdí tí mo fi ń ṣọ́ra ni pé orí àti ara ẹ́ńjìnì M54 jẹ́ álúmínọ́ọ̀mù. Bí ó bá ti gbóná jù rí, ojú bóòtù tó di orí mọ́ ara lè fà yọ nígbà tí a bá ń dì í padà, iṣẹ́ tí a rò pé gáásíkẹ̀ẹ̀tì nìkan ni yóò sì di ti lílu ojú bóòtù tuntun. Kò yẹ kí a ṣí i nítorí ìfura lásán.

Ìbéèrè: Ṣùgbọ́n gééjì ooru kò kúrò láàárín rí. Ṣé kì í ṣe pé ara ọkọ̀ yá ni?

Wọ́n ṣe gééjì náà kí ó má máa já awakọ̀ láyà. Láti bíi 75°C títí dé bíi 115°C, àárín gbùngbùn kan náà ni abẹ́rẹ́ rẹ̀ máa ń dúró sí. Nítorí náà, bí ó bá fi lè kọjá àárín díẹ̀ péré, ooru ti pọ̀ jù: ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí ẹ sì pa ẹ́ńjìnì lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sọ pé ilé kò jìnnà mọ́. Ẹ̀rọ kékeré tí a ń kì bọ ihò àyẹ̀wò ọkọ̀, tó sì ń ka ooru gidi sórí fóònù, wúlò fún ẹnikẹ́ni tó ní E39.

Ìbéèrè: Bí a bá rí i pé táńkì nìkan ló sán, ṣé táńkì nìkan ni ká pààrọ̀?

Rárá, lójú tèmi. Ọjọ́ kan náà ni gbogbo ike inú ẹ̀rọ yìí wọ inú ọkọ̀, ooru kan náà ni wọ́n sì jọ jẹ. Bí ẹ bá fi táńkì tuntun dí ihò kan, ìfúnpá tó ti ń rí ibẹ̀ jáde yóò padà sí kíkún rẹ̀, èyí tó kù díẹ̀ kó sán lára àwọn yòókù ni yóò sì gbà á. Ìdí nìyí tí àwọn èèyàn fi máa ń sọ pé mẹkáníìkì tún un ṣe lónìí, ó tún bàjẹ́ lọ́la, tí wọ́n á sì máa ro ibi sí ẹni tí kò ṣẹ̀. Bí owó bá wà, kí a pààrọ̀ táńkì àti ìdérí rẹ̀, tẹmósítáàtì pẹ̀lú ilé rẹ̀, pọ́ǹpù omi tó ní abẹ̀bẹ̀ irin, rọ́bà òkè àti ti ìsàlẹ̀, àti bẹ́líìtì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ọrùn rédíétọ̀ bá ti ń rún, kí òun náà lọ. Bí owó kò bá tó, táńkì, ìdérí àti pọ́ǹpù ni mo máa fi ṣáájú.

Ní Ládípọ̀ ní Múṣin, ẹ ó rí àlòkù tí wọ́n ń pè ní bẹ́líjọ́ọ̀mù, owó rẹ̀ sì máa ń fani mọ́ra. Mo lè ra ìlẹ̀kùn tàbí gíláàsì bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní ra àlòkù ike tí omi gbígbóná ń gbà kọjá, torí pé ọjọ́ orí rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti èyí tó sán lára ọkọ̀ yín. Ilé iṣẹ́ Behr ti Jámánì wà lára àwọn tó ń ṣe rédíétọ̀ fún BMW nígbà náà, tuntun irú rẹ̀ tó bá jẹ́ ojúlówó tó owó tí wọ́n ń pè é.

Kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà rántí pé òdìkejì ni nọ́ọ̀tì 32 mm tó di fáànù mú ń tú sí. Kí ó má fi gọ́ọ̀mù lẹ táńkì, kí ó má da oògùn tó ń dí ihò sínú omi, nítorí pé hítà àti àwọn ojú ọ̀nà tóóró inú rédíétọ̀ ni yóò kọ́kọ́ dí. Bákan náà ni kí ó má yọ tẹmósítáàtì dànù bí ọ̀pọ̀ ṣe máa ń ṣe nílùú wa. Lórí ẹ́ńjìnì yìí, tẹmósítáàtì náà ló ń dí ọ̀nà àbùjá tí omi ń gbà yí po láìdé rédíétọ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, apá kan omi yóò máa padà sínú ẹ́ńjìnì láìtutù, kọ̀ǹpútà yóò sì máa da epo púpọ̀ sí i ní gbogbo ìgbà tó bá ka ẹ́ńjìnì sí tútù.

Ìbéèrè: Irú omi wo ni kí n dà sí i, báwo sì ni mo ṣe máa tú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde?

Kúláǹtì aláwọ̀ búlúù tí BMW fọwọ́ sí ni kí ẹ lò, ìdajì rẹ̀ pẹ̀lú ìdajì omi dísítíìlì. Òtútù kì í sọ omi di yìnyín lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n kúláǹtì náà ló ń dáàbò bo álúmínọ́ọ̀mù kí ó má jẹrà, ó sì ń ran rọ́bà inú pọ́ǹpù lọ́wọ́. Omi bọ́hóòlù a máa fi èérí sílẹ̀ nínú rédíétọ̀.

Afẹ́fẹ́ tó há sínú ẹ́ńjìnì lè mú kí orí rẹ̀ gbóná jù bí gbogbo ohun tí a rà tilẹ̀ jẹ́ tuntun, nítorí náà kí a má kánjú níbí. Nígbà tí ọkọ̀ bá tutù, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ kí iná dáṣíbọ́ọ̀dù tàn láìdá ẹ́ńjìnì, ẹ gbé hítà sí ooru tó ga jù lọ, kí atẹ́gùn rẹ̀ sì wà ní èyí tó kéré jù. Ẹ tú ṣúúrù ike tó wà nítòsí ìdérí, ẹ máa rọra bu kúláǹtì sí táńkì títí omi tí kò ní ìhó nínú yóò fi máa jáde lójú ṣúúrù náà, kí ẹ wá fi ọwọ́ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ dì í. Ẹ má fi agbára dì í, nítorí pé ó máa ń kán sínú.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tí ẹ ti wà á, kí ẹ tún ṣí ìdérí nígbà tó tutù, kí ẹ wo ọ̀pá pupa tó léfòó nínú táńkì. Ó lè rẹlẹ̀ díẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ nítorí afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́kù; ẹ bu díẹ̀ kún un. Bí ó bá tún rẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pe mẹkáníìkì padà pẹ̀lú ẹ̀rọ ìdánwò rẹ̀, kí abẹ́ maníífóòdù sì jẹ́ ibi àkọ́kọ́ tí yóò tan tọ́ọ̀ṣì sí.