Bóòtù Tó Yẹ Abẹ́ Lọ́rì Àtijọ́

Ẹni tó ń sọ lọ́rì àtijọ́ di ọ̀tun, ìbáà ṣe Bedford tàbí Mercedes 911 tí wọ́n máa ń fi kan mólúè l'Ékòó nígbà kan, kì í ro owó ẹ́ńjìnnì àti ọ̀dà lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá wá kan bóòtù abẹ́ ọkọ̀, yóò ní kí ọmọ iṣẹ́ sáré lọ mú èyí tó bá jọ ọ́ wá. Jíjọ ò tó níbẹ̀. Bóòtù wọ̀nyí ló di sípíríǹgì mọ́ axle (ọ̀pá irin tó gbé taya), àwọn náà ló so sípíríǹgì kọ́ ṣáàsì. Bí ọ̀kan bá já lórí eré, axle á yẹ̀, ọkọ̀ á sì kọrí síbi tí awakọ̀ ò darí rẹ̀ sí.

Ẹ má ju bóòtù àtijọ́ nù, bó ti wù kó dípẹtà tó. Ẹ so bébà mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ kọ ihò tó ti jáde sí i. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa wò ni bóyá ti ínṣì ni tàbí ti mìlímítà. Bedford àtijọ́ ń lo ínṣì, irú tẹ́rẹ́ẹ̀dì (ìlà tó yí ara bóòtù ká) tí wọ́n ń pè ní UNF. Mercedes, ọmọ Jámánì, ń lo mìlímítà. Àwọn tó fẹ́ bára mu ló léwu jù. Bóòtù 5/8 ínṣì fẹ̀ tó 15.9 mm, ojú lásán ò lè yà á sọ́tọ̀ lára M16, ìyẹn bóòtù mìlímítà tó fẹ̀ tó 16 mm. Ti UNF ní tẹ́rẹ́ẹ̀dì 18 nínú ínṣì kan, ìyẹn 1.41 mm láti ẹyọ kan sí èkejì. Ti M16 oní-tẹ́rẹ́ẹ̀dì wẹ́wẹ́ jẹ́ 1.5 mm. Ẹ fi nọ́ọ̀tì ọ̀kan sórí bóòtù èkejì, á yí díẹ̀, á wá le. Ẹni tó bá fi sípánà gígùn fún un níbẹ̀ ti ba tẹ́rẹ́ẹ̀dì méjèèjì jẹ́, á sì rò pé òun ti fún un dáadáa nígbà tí nọ́ọ̀tì ò tíì di ohunkóhun mú. Nọ́ọ̀tì tó tọ́, tí kì í ṣe onírọ́bà (èyí tí rọ́bà inú rẹ̀ kì í jẹ́ kó tú), ìka ọwọ́ nìkan ló yẹ kó gbé e dé ìdí. Bákan náà, M12 á kọjá nínú ihò 1/2 ínṣì wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n àyè 0.7 mm tó ṣẹ́ kù tó fún bóòtù láti máa gbá ara ihò títí ihò á fi di gbọọrọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ka orí bóòtù. Lórí ti mìlímítà, ẹ máa rí 8.8, 10.9 tàbí 12.9, nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe lágbára tó, pẹ̀lú àmì ilé iṣẹ́ tó ṣe é. M12 tó jẹ́ 8.8 gbọ́dọ̀ lè fara da tọ́ọ̀nù mẹ́fà ààbọ̀ ó lé kó tó já, 10.9 máa tó mẹ́jọ ààbọ̀ ó lé. Lórí ti ínṣì tí wọ́n ń tà lóde òní, ìlà mẹ́ta sún mọ́ 8.8, ìlà mẹ́fà sún mọ́ 10.9. Èyí tí kò ní àmì kankan, ẹ fi sílẹ̀ fún géètì, bó ti wù kó máa dán tó.

Ohun tí wọ́n fi sí i nílé iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ dá padà. Àwọn kan á ní àwọn fẹ́ 12.9 torí òun ló le jù. Irin tó le tó bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ tẹ̀ kó tó ṣẹ́, bí wọ́n bá sì ti fi iná mànàmáná lẹ zinc mọ́ ọn lára, háídrójìn lè wọ inú rẹ̀, kó já fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti fún un. Irin tí kì í dípẹtà náà ò yẹ níbẹ̀: A2-70, irú rẹ̀ kan, bẹ̀rẹ̀ sí fà ní 450 MPa (ìwọ̀n bí ẹrù ṣe ń fa irin tó), 8.8 ò tíì fà títí á fi dé 640.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà ni gígùn ibi dídán, apá bóòtù tí kò ní tẹ́rẹ́ẹ̀dì. Ibi dídán yìí ló yẹ kó gbé ẹrù. Tẹ́rẹ́ẹ̀dì tó bá wà nínú bọ́ọ̀ṣì, ìyẹn òrùka gígùn tí bóòtù ń gba inú rẹ̀ kọjá, máa ń rẹ́ ẹ bí ayùn, bóòtù náà ò sì nípọn tó níbẹ̀: ìdí tẹ́rẹ́ẹ̀dì M12 ò tó 10 mm. Ẹ jẹ́ ká sọ pé pátákó irin méjì tó nípọn 10 mm gbá bọ́ọ̀ṣì 60 mm mú, tí bóòtù jẹ́ M14. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 80 mm. Wáṣà àti nọ́ọ̀tì á gba bíi 15 mm, ẹ máa rò pé bóòtù 100 mm ti tó. Kò tó. M14 tó gùn bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní tẹ́rẹ́ẹ̀dì 34 mm, ibi dídán á dúró sí 66 mm, nínú bọ́ọ̀ṣì. Ẹ ra 110 mm: ibi dídán á dé 76 mm, á ti wọ inú pátákó kejì, kò sì ní yọ síta débi tí nọ́ọ̀tì á fi gúnlẹ̀ lé e lórí. Ẹ gé ìrù rẹ̀ kó ku tẹ́rẹ́ẹ̀dì méjì tàbí mẹ́ta lẹ́yìn nọ́ọ̀tì. Nítorí náà, ẹ mú kálípà tí wọ́n fi ń wọn nǹkan dání lọ sọ́jà Ladipo l'Ékòó tàbí ti Gate n'Ìbàdàn.

Yúbóòtù, bóòtù tí wọ́n tẹ̀ bíi lẹ́tà U tó gbá sípíríǹgì mọ́ axle, ṣe pàtàkì ju gbogbo wọn lọ. Bóòtù àárín sípíríǹgì kàn ń to ewé sípíríǹgì pọ̀ ni, orí rẹ̀ sì ń bọ́ sínú ihò tó fi àyè axle hàn. Yúbóòtù ló ń fún gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí yúbóòtù bá dẹ̀, axle á máa lọ síwá sẹ́yìn, á gé bóòtù àárín, ewé sípíríǹgì á sì ṣẹ́ lójú ihò àárín. Bóòtù àárín tó já, ẹ má kàn fi èyí tó le jù ú lọ rọ́pò rẹ̀. Yúbóòtù ni kẹ́ ẹ lọ wò. Yúbóòtù tí ẹ bá ti tú, ẹ má dá a padà, ó ti fà. Ẹ má sì gba èyí tí ajórin fi iná tẹ̀ láti ara ọ̀pá irin ìkọ́lé. Ọ̀dà tó nípọn ni ọ̀tá ẹni tó ń tún ọkọ̀ ṣe níbí: tí ẹ bá kùn ún sáàárín sípíríǹgì àti ìjókòó rẹ̀, ẹrù á tẹ̀ ẹ́ jáde, yúbóòtù á dẹ̀. Ẹ ha á kúrò. Ẹ fún nọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní igun sí igun, díẹ̀díẹ̀, kí ìwọ̀n ọkọ̀ wà lórí taya. Lẹ́yìn tó bá ti ru ẹrù rin 100 km sí 500 km, ẹ tún fún un.

Nọ́ọ̀tì tí wọ́n kọ 10 sí lára ni kẹ́ ẹ fi sí bóòtù 10.9, pẹ̀lú wáṣà líle pẹlẹbẹ. Nọ́ọ̀tì onírọ́bà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni lílò rẹ̀. M12 8.8 tó gbẹ máa ń gba nǹkan bí 80 Nm (ìwọ̀n agbára tí ẹ fi ń yí nọ́ọ̀tì), 10.9 bíi 115, ṣùgbọ́n ìwé ọkọ̀ ló láṣẹ. Tí ẹ bá fi gírísì pa tẹ́rẹ́ẹ̀dì, agbára yẹn ti pọ̀ jù. Bọ́ọ̀ṣì onírọ́bà, ẹ má fún un tán nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lórí jáàkì. Ẹ gbé e sílẹ̀ kó jókòó dáadáa kẹ́ ẹ tó fún un, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ rọ́bà á máa lọ́ lójoojúmọ́, á sì ya. Bóòtù tí wọ́n fi iná gáàsì sun pupa kó lè tú ti rọ̀, kò gbọ́dọ̀ padà sábẹ́ ọkọ̀. Bí ihò ṣáàsì bá ti di gbọọrọ, ẹ jó o dí kẹ́ ẹ tún un lu, tàbí kẹ́ ẹ fẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ fi bọ́ọ̀ṣì irin sí i. Tí iṣẹ́ bá parí, ẹ fi ọ̀dà funfun fa ìlà kan láti orí nọ́ọ̀tì dé ara irin. Bí ìlà náà bá já sí méjì, nọ́ọ̀tì ti yí.