Ajá abẹ́ àtẹ: bí ajá àti ológbò ìgboro ṣe ń rí ilé ní Òṣogbo

Ní nǹkan bí aago mẹ́fà àárọ̀, kí àwọn aláta tó tú ẹrù ní ọjà Ìgbọ̀nà, ajá máa ń pọ̀ lábẹ́ àtẹ ju èèyàn lọ. Ọ̀kan ká jọ sórí àpò ìrẹsì tó ti ya, òmíràn ń họ etí, ẹ̀kẹta ti jí, ó ń wo ibi tí àwọn ẹlẹ́ran ń gbà wọlé. Àlejò tó bá rí wọn á ní ajá aláìnílé kún Òṣogbo. Kò fi gbogbo ara rí bẹ́ẹ̀. Tó bá ní sùúrù di aago mẹ́jọ, á rí ìyá aláta tó pe ọ̀kan lórúkọ tó sì ju orí ẹja sí i. Á rí òmíràn tó gbọn ara nù, tó gba títì lọ bí ẹni tó ń relé, torí ilé ló ń lọ lóòótọ́.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ àwọn tó ń wá ilé fún ajá àti ológbò ìgboro ti ń bẹ̀rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tó ní ajá níbí kì í so ó mọ́lẹ̀ lọ́sàn-án. Ajá á jáde, á yí àdúgbò ká, á padà wá ṣọ́ ilé lálẹ́. Ti ológbò tún le jù: ilé mẹ́ta lè máa bọ́ ológbò kan ṣoṣo, kí oníkálukú máa rò pé tòun ni. Ẹni tó bá gbé irú ẹran bẹ́ẹ̀ lọ kò gba nǹkan kan là, ẹran ẹlẹ́ran ló jí.

Ọ̀nà kan wà tí kò náni lówó láti fi wádìí. Wọ́n á gé ìwé tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á kọ ọ́ sí i pé "Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ajá yìí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe nọ́ńbà yìí," wọ́n á sì fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ yí ọrùn ẹran náà ká. Ìwé ni, kì í ṣe okùn, torí bó bá há mọ́ igi, ó gbọ́dọ̀ já. Wọ́n á fún un ní ọjọ́ mẹ́ta. Bí ìwé bá dọ̀tí sọ́rùn ẹran láìsí ẹni tó pè, ọ̀rọ̀ ti ń hàn. Bí ìwé bá pòórá láìsí ìpè, kò tíì yé wa: bóyá òjò ló já a, bóyá ẹni tó ni ajá ló yọ ọ́ tó sì sọ ọ́ nù. Nígbà náà ni wọ́n á bi àwọn ọlọ́kadà ìkóríta àti máìgádì, tí wọ́n mọ ajá àdúgbò ju ẹnikẹ́ni lọ.

Àwọn tí kò ní ẹni kankan lóòótọ́ kò ju oríṣi mélòó kan lọ. Ẹni tó ni wọ́n kú, tàbí ó kó kúrò, tàbí lánlọ́ọ̀dù tuntun ní òun kò fẹ́ ajá nínú ọgbà. Ọmọ ajá wà tí wọ́n kó sínú páálí, tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààtàn lóru. Láìpẹ́ yìí, ajá òyìnbó náà ti wọ̀ ọ́, èyí tí ẹni tó ni ín "japa" lọ sókè òkun tó sì fi í sílẹ̀ fún àbúrò tí kò lágbára oúnjẹ rẹ̀. Ajá ìbílẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ ààtàn. Ajá òyìnbó kò mọ̀ ọ́n, kíá ni egungun ìhà rẹ̀ máa ń yọ síta. Òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sáré sí, òun náà ló sì máa ń tètè rí ilé, èyí tó ń dun àwọn tó fẹ́ràn ajá ìbílẹ̀ wọra.

Wọn kì í lé ajá mú. Ajá tí wọ́n ń lé máa ń já sójú títì, àwọn mọ́tò ìkóríta Ọlá-Ìyá kò sì ní dúró dè é. Ẹni tó fẹ́ mú un á jókòó sílẹ̀, á kọ ẹ̀gbẹ́ sí i, kò ní wò ó lójú, á máa ju ẹja díẹ̀díẹ̀ kí ìkejì sún mọ́ òun ju ìkíní lọ. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí okùn tó wọ ọrùn ajá. Ti ológbò, àpótí onírin tí ilẹ̀kùn rẹ̀ máa ń já tì ni, pẹ̀lú ṣáwá yíyan ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Gbàrà tó bá wọlé, aṣọ ni wọ́n á fi bo àpótí náà. Ológbò tó bá wà nínú òkùnkùn máa ń fara balẹ̀. Ní ti ọmọ ológbò tó ń ké lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, kò di dandan kó jẹ́ ọmọ òrukàn. Ìyá rẹ̀ lè ti wá oúnjẹ lọ. Wákàtí mélòó kan ni wọ́n máa ń fi ṣọ́ ọ lókèèrè kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, torí kò sí mílíìkì inú agolo tó tó ti ìyá.

Ohun tí gbogbo ẹni tó ń fọwọ́ kan ajá ìgboro ń bẹ̀rù jù ni dìgbòlugi. Nínú èèyàn 100 tí àrùn náà mú, nǹkan bí 99 ló jẹ́ pé lára ajá ni wọ́n ti kó o. Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn, ikú ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jẹ́ nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1885 tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Louis Pasteur ti mú kí wọ́n gún ọmọkùnrin kan tí ajá bù jẹ lábẹ́rẹ́ ní Faransé, a ti mọ̀ pé àyè wà láàárín ìgbà tí eyín wọlé àti ìgbà tí àrùn dé ọpọlọ. Inú àyè yẹn ni ìwòsàn wà. Ọṣẹ àti omi ni wọ́n á fi fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe ata, kí ẹni náà sì dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́ tí wọ́n máa ń pín sí ọjọ́ mélòó kan.

Ajá tó bu èèyàn jẹ ńkọ́? Àdúgbò lè ti lù ú pa kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, kí wọ́n sì sọ òkú rẹ̀ sódò. Ìbínú yẹn yé èèyàn, àmọ́ ó ń ba ẹ̀rí jẹ́. Kòkòrò dìgbòlugi kì í dé inú itọ́ ajá àfi ní ọjọ́ díẹ̀ kí àìsàn tó hàn lára rẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti ajá náà mọ́lé fún ọjọ́ 10 tí ó ń jẹ, tí ó ń mu, tí nǹkan kan kò ṣe é, a jẹ́ pé kò sí àrùn nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó bu èèyàn jẹ. Bó bá sì kú kí ọjọ́ náà tó pé, orí rẹ̀ ni wọ́n á fi ránṣẹ́, nínú yìnyín, fún àyẹ̀wò ọpọlọ ní irú ilé ìwádìí àrùn ẹran tó wà ní Vom lẹ́bàá Jos. Ajá tí wọ́n sọ sódò kò lè sọ nǹkan kan fún dókítà mọ́.

Lẹ́yìn mímú, ọ̀dọ̀ dókítà ẹran ló kàn. Aràn ni wọ́n ń kọ́kọ́ bá jà, pẹ̀lú eégbọn. Ibi eégbọn yìí ni àánú ti máa ń pa ẹran: ẹni tó fẹ́ ran ajá lọ́wọ́ á bu ọtapiapia sí i lára, eégbọn á kú, ajá náà á máa dà itọ́, á máa gbọ̀n, kí ilẹ̀ tó ṣú ó lè ti tẹ̀ lé eégbọn lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni parasitamọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fún ológbò tí ara rẹ̀ gbóná. Ara ológbò kò lè yọ oògùn yẹn dànù bíi ti èèyàn. Ẹyọ kan ṣoṣo tó láti pa á. Ajá tó ti pẹ́ ní ìgboro tún máa ń ní kókó tó ń ṣẹ̀jẹ̀ lójú ara, irú èyí tí ajá ń kó ran ara wọn nígbà gígùn. Ó burú lójú, àmọ́ abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ máa ń wò ó tán.

Parvo, àrùn inú tó máa ń ràn, ni ti àwọn ọmọ ajá. Èébì, ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, òórùn tí ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kò ní gbàgbé. Kòkòrò rẹ̀ lè wà nínú ilẹ̀ ọgbà fún oṣù gbọọrọ lẹ́yìn tí ajá ti kú tí wọ́n ti sin ín. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ya ẹran tuntun sọ́tọ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, tí wọ́n sì ń bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ ọmọ ajá láti ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, tí wọ́n á máa tún un gún títí ó fi pé ọ̀sẹ̀ 16. Ti dìgbòlugi máa ń bọ́ sí nǹkan bí oṣù mẹ́ta.

Iṣẹ́ abẹ ló kẹ́yìn: kí wọ́n tẹ akọ lọ́dàá, kí wọ́n yọ ilé ọmọ abo. Àwọn kan ń pè é ní ìkà. Kí wọ́n bá wa ṣírò rẹ̀ ná: nǹkan bí ọjọ́ 63 ni oyún ajá, ti ológbò kò jìnnà sí i, ológbò lè lóyún kí òun fúnra rẹ̀ tó pé oṣù mẹ́fà, ó sì lè bí lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún. Ẹni tó fi abo ológbò kan ta ọ̀rẹ́ lọ́rẹ láìṣe iṣẹ́ abẹ, páálí ọmọ ológbò ló ń dì sílẹ̀ fún ẹ̀gbẹ́ ààtàn. Ológbò tí wọ́n bá fẹ́ dá padà sí ìgboro, wọ́n á gé ṣóńṣó etí rẹ̀ kan nígbà tó ṣì wà nínú oorun oògùn, kí wọ́n má bàa tún mú un wá síbi iṣẹ́ abẹ lẹ́ẹ̀kejì. Àlàyé máa ń pọ̀ lórí etí yìí, torí ẹni tó bá rí ológbò elétí gígé lójijì lè rò pé wọ́n ti fi ṣe nǹkan.

Ibi tí gbogbo rẹ̀ ti máa ń há ni àyè. Ajá tí ara rẹ̀ ti yá kò lè máa gbé lọ́dọ̀ dókítà. Ilé alágbàtọ́ ló ń lọ, ìyẹn ẹni tó ní ọgbà tàbí yàrá kan tó ṣófo, tó gbà láti tọ́jú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Alágbàtọ́ tí ajá méjì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè gba ìkẹta títí ọ̀kan fi lọ. Nítorí náà, iye tó ń jáde ló ń pinnu iye tó lè wọlé. Bí wọ́n bá fi ajá kan sílẹ̀ lábẹ́ àtẹ fún oṣù kan sí i, kì í ṣe àìláàánú.

Alágbàtọ́ tó mọṣẹ́ kì í bọ́ ẹran nìkan, ó ń kọ nǹkan sílẹ̀. Ajá yìí ń sá fún ọkùnrin tó dé fìlà. Ó ń lé adìyẹ. Kò bìkítà fún ọ̀kadà, àmọ́ bí àrá bá sán, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń wọ̀. Ó ń jẹ àmàlà tútù pẹ̀lú ẹja, wọn kì í bu ọbẹ̀ sí i torí àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá àti ológbò jẹ́, wọn kì í sì í fún un ní eegun adìyẹ tó ti jinná. Ohun tó kọ yìí ló máa ń di ìkéde lórí sítétọ́ọ̀sì WhatsApp, lábẹ́ fọ́tò tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ yà, ní ojúmọmọ, láìsí ṣéènì lọ́rùn. Fọ́tò tí wọ́n dúró lókè yà máa ń jẹ́ kí ajá dà bí ọ̀daràn.

Ẹni tó bá pè á gbọ́ ìbéèrè kó tó rí ajá. Ṣé lánlọ́ọ̀dù mọ̀? Níbo ló máa sùn? Ta ni yóò bọ́ ọ bí ẹ bá lọ sílé ọdún? Èyí tó sábà máa ń tú ọ̀rọ̀ síta jù ni: kí ló ṣẹlẹ̀ sí ajá tí ẹ ní tẹ́lẹ̀? Ẹni tí ọmọ ajá mẹ́ta ti "kàn kú" mọ́ lọ́wọ́ láàárín ọdún kan lè máà jẹ́ ìkà rárá. Parvo ló ṣeé ṣe kó wà nínú ilẹ̀ ọgbà rẹ̀. Àgbà ajá tó ti gba abẹ́rẹ́ tán ni wọ́n máa ń fún irú wọn, wọn kì í fún wọn ní ọmọ.

Wọn kì í fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ajá ni Ògún ń jẹ, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, kò sì sí ìjà pẹ̀lú ẹni tó ń bọ Ògún tó ra ajá tirẹ̀ ní gbangba. Ẹni tó ń dẹ́rù bani ni ẹni tó ní òun fẹ́ ajá tí yóò máa bá ọmọ òun ṣeré, tó sì jẹ́ pé ìkòkò ẹran ajá, tí wọ́n ń pè ní "404", ló wà lọ́kàn rẹ̀. Owó díẹ̀ tí wọ́n ń gbà wà kí ẹran rẹ̀ má bàa pé onítọ̀hún. Wọ́n tún ń fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ilé ẹjọ́ ló fún un lágbára. Òfin ìwà ọ̀daràn gúúsù Nàìjíríà, ní abala 495, fi ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí ìtanràn náírà 50 lélẹ̀ fún ẹni tó bá fìyà jẹ ẹran. Ẹ wo ohun tí náírà 50 lè rà lọ́jà lónìí. Agbára ìwé náà ni pé ẹni tó fọwọ́ sí i mọ̀ pé wọ́n ti mọ ilé òun, wọn yóò sì wá kí òun.

Ológbò dúdú ló máa ń pẹ́ jù lọ́wọ́ alágbàtọ́. Ẹ̀rù àjẹ́ kò tíì tán nílẹ̀. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù gàrí àti ìrẹsì ló máa ń gbà á níkẹyìn, torí èkúté kò bi wọ́n léèrè àwọ̀ ológbò. Ohun kan ni wọ́n máa ń bá wọn dì mọ́ ọn: kí wọ́n jáwọ́ nínú oògùn eku, torí ológbò tó bá jẹ eku tó ti jẹ oògùn lè bá eku lọ. Inú yàrá kan ni ológbò tuntun sì gbọ́dọ̀ wà fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Bí wọ́n bá ṣí i lọ́jọ́ kejì, ojúlé àtijọ́ ló máa wá lọ, kódà bó bá ní láti gba àdúgbò Òkè-Báálẹ̀ kọjá.

Àwọn kan wà tí kò ní gba ilé láéláé, bíi àgbà ajá ọjà tó máa ń já okùn jẹ bí wọ́n bá so ó mọ́gi. Wọ́n á wò ó sàn, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, wọ́n á gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n á sì dá a padà sí abẹ́ àtẹ tí wọ́n ti mú un. Ìyá aláta tó ń ju orí ẹja sí i ni wọ́n á fún ní káàdì abẹ́rẹ́, kó tọ́jú rẹ̀ sínú báàgì owó. Tí ọdún bá yí po, dókítà á béèrè káàdì náà.