Ta Ni Adé Tọ́ Sí, Atẹdùùrù Tí Kì Í Ṣìtẹ̀ Tàbí Èyí Tí Ó Ń Fọkàn Tẹ̀? Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, àwọn adájọ́ ìdíje Chopin, èyí tí wọ́n máa ń ṣe ní Warsaw, olú-ìlú Póláńdì, kéde pé ọmọ Amẹ́ríkà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Eric Lu ni ó gba ipò kìíní. Kò pẹ́ rárá tí àwọn olólùfẹ́ píánò fi pín sí méjì. Àwọn kan ní ìdájọ́ náà tọ̀nà nítorí pé ọkàn ni ọmọkùnrin náà fi ń tẹ dùùrù. Àwọn mìíràn ní àwọn tí ọwọ́ wọn yá jù ú lọ, tí orin kì í já bọ́ lọ́wọ́ wọn, ni ó yẹ kí wọ́n dé ládé. Àwọn òǹkàwé tí kò mọ̀ ju dùùrù inú ṣọ́ọ̀ṣì lọ wá ń béèrè ohun tí ìjà náà dá lé lórí.

Irú ìdíje wo nìyí ná?

Ọdún 1927 ni ó bẹ̀rẹ̀, ogun àgbáyé kejì sì dá a dúró fún ìgbà kan; láti 1955 ni wọ́n ti ń ṣe é ní ọdún márùn-ún márùn-ún, àyàfi ìgbà tí àrùn kòrónà sún ti 2020 sí 2021. Orin ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo olùdíje ń tẹ̀, ìyẹn Frédéric Chopin, ọmọ Póláńdì tí wọ́n bí ní 1810, tí ó sì kú sí Paris ní 1849. Nítorí pé orin ẹnì kan náà ni gbogbo wọn ń tẹ̀, kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni lè sá pamọ́ sí.

Ṣé Eric Lu ṣìtẹ̀ ni?

Èèyàn ni. Ẹni tí yóò tẹ dùùrù ní ìpele mẹ́ta kí ó tó kan àṣekágbá, níwájú àwọn adájọ́ àti gbogbo ayé tí ń wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò lè ṣe kí ìka rẹ̀ má yẹ̀ níbì kan. Àmọ́ kì í ṣe ọmọ àná: ó ti gba ipò kẹrin nínú ìdíje yìí kan náà ní 2015, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 17, ó sì gba ipò kìíní nínú ìdíje Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2018.

Irin, igi àti wáyà ni píánò. Ọ̀nà wo ni ọkàn ń gbà wọ inú rẹ̀?

Ibí ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ kà á. Píánò kò dà bíi gòjé, tí ọwọ́ ẹni tí ń ta á kì í kúrò lára okùn rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ohùn bá ṣì ń jáde. Kíì ni ìka ń tẹ̀; kíì ni ó ń ta òòlù kékeré kan tí wọ́n fi irun àgùntàn tí ó ki bo lórí; òòlù náà ni ó ń fò lọ lu wáyà. Nígbà tí ó bá ku díẹ̀ kíún kí òòlù kan wáyà, ẹ̀rọ inú píánò yóò ti já a sílẹ̀ kúrò lábẹ́ àṣẹ kíì, yóò sì fúnra rẹ̀ parí ìrìn náà pẹ̀lú ìwọ̀n agbára tí ìka ti fún un. Láti ìṣẹ́jú àáyá náà lọ, bí atẹdùùrù bá fẹ́ kí ó sunkún, bí ó bá fẹ́ kí ó mì jìgìjìgì, bí ó bá fẹ́ kí ó tẹ kíì náà mọ́lẹ̀ títí ìka rẹ̀ yóò fi pọ́n, kò lè yí ohùn tí ó ti jáde padà. Ohun mẹ́ta péré ni ó wà níkàáwọ́ rẹ̀: bí òòlù ṣe yára tó, àkókò gan-an tí ó lu wáyà, àti ìgbà tí ohun tí ń pa ohùn náà yóò padà bo wáyà, èyí tí ìka àti pẹ́dálì ẹsẹ̀ jọ ń darí.

Gbogbo ìbànújẹ́ àti ìfẹ́ tí ẹ ti gbọ́ rí láti inú píánò, ara mẹ́ta yìí ni ó gbà jáde. Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Ìka ọwọ́ ọ̀tún fẹ́ tẹ kíì mẹ́rin pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, orin gan-an sì wà lórí ohùn tí ó ga jù lọ, èyí tí ó bọ́ sábẹ́ ìka tí ó kéré jù lọ. Kí etí tó lè gbọ́ orin náà, ìka tí kò lágbára yìí ní láti ta òòlù tirẹ̀ kíákíá ju mẹ́ta yòókù lọ, kí àwọn yẹn sì máa kùn jẹ́jẹ́ lábẹ́ rẹ̀, láàárín ìdáwọ́lé kan ṣoṣo. Ẹni tí kò bá ti kọ́ ọwọ́ rẹ̀ ní irú èyí, àyà rẹ̀ ni ìtara rẹ̀ yóò kú sí. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ẹni tí ó ń béèrè bóyá ọkàn ni tàbí ọwọ́ kò béèrè ohun tí àwọn adájọ́ ń jà lé lórí. Ìjà gidi ni pé: níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ ti pé, báwo ni atẹdùùrù ṣe lè yà kúrò lójú ọ̀nà ìwé orin tó?

Ṣé ẹni tí ó bá ń fọkàn tẹ̀ lè lo àsìkò orin bí ó ṣe wù ú?

Chopin fúnra rẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jẹ́rìí sí i pé ó máa ń sọ fún wọn pé ọwọ́ òsì ni olùdarí, kò gbọdọ̀ yẹsẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni ó lè fà sẹ́yìn tàbí kí ó sáré díẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ dùndún rí mọ ètò yìí: gúdúgúdú kì í kúrò lójú kan, òun ni ó sì jẹ́ kí ìyáàlù rí àyè sọ ohun tí ó bá fẹ́ sọ. Nígbà tí ọwọ́ méjèèjì bá ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún pa pọ̀, ìtara kọ́ nìyẹn. Orin ti ṣìnà.

Ta ni Pogorelich, tí wọ́n máa ń dárúkọ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí irú ìjà yìí bá ṣẹlẹ̀?

Ivo Pogorelich jẹ́ ọmọ Belgrade, ní orílẹ̀-èdè tí ń jẹ́ Yugoslavia nígbà náà. Ó wá sí ìdíje 1980 nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún 22. Ó fa ibi tí àwọn ẹlòmíràn ń yára tẹ̀, ó yára níbi tí wọ́n ń rọra, ó pariwo níbi tí ìwé orin ní kí ó kẹ́lẹ́. Louis Kentner, ọ̀kan nínú àwọn adájọ́, kọ́kọ́ bínú fi ìgbìmọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ìpele kìíní. Ó ní bí irú Pogorelich bá lè kọjá, òun kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀ mọ́. Ó yẹ kí a fi kún un pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀ kò kọjá ìpele náà. Nígbà tí wọ́n wá já Pogorelich fúnra rẹ̀ sílẹ̀ ní ìpele kẹta, Martha Argerich, ọmọ Ajẹntínà tí ó gba ipò kìíní ní 1965, ní àgbàyanu ni ọmọkùnrin náà, ó sì fi ìgbìmọ̀ sílẹ̀ tìbínú-tìbínú. Adájọ́ méjì fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí olùdíje kan náà, ọ̀kan nítorí pé wọ́n gbà á, èkejì nítorí pé wọn kò gbà á.

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Kò pẹ́ tí Deutsche Grammophon, ilé-iṣẹ́ arékọ́ọ̀dù ní Jámánì, fi gba Pogorelich, òkìkí rẹ̀ sì kàn ju ti ẹni tí ó gba ipò kìíní lọ.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ ìtàn yìí bí ẹni pé ọwọ́ àti ọkàn ni wọ́n jọ jà, tí ọkàn sì pàdánù. Irọ́ ni. Ìka Pogorelich mú ṣáṣá. Kò sí ẹni tí ó sọ pé kò lè tẹ orin náà. Ohun tí wọ́n kọ̀ ni ìpinnu rẹ̀. Ẹni tí ó sì gbadé lọ́dún náà, Dang Thai Son, kì í ṣe ẹ̀rọ: Hanoi ni wọ́n bí i sí, ìyá rẹ̀ ni ó kọ́ ọ ní píánò, nígbà tí Amẹ́ríkà sì ń ju bọ́ǹbù sí ìlú náà, inú abúlé ni wọ́n kó ilé-ẹ̀kọ́ orin wọn lọ. Òun ni ará Éṣíà àkọ́kọ́ tí ó gba ipò kìíní nínú ìdíje náà. Bruce Liu tí ó gbadé ní 2021, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni. Eric Lu náà kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ṣé àwọn adájọ́ kì í fẹnu kò ni?

Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ní 2015, nígbà tí Seong-Jin Cho ti Gúúsù Korea gbadé, máàkì tí ọ̀pọ̀ adájọ́ fún un ní àṣekágbá jẹ́ 9 tàbí 10 nínú 10. Philippe Entremont, atẹdùùrù àgbà láti ilẹ̀ Faransé, fún un ní 1. Nínú òfin ìdíje 2025, máàkì tí ó bá jìnnà jù sí ti àwọn yòókù yóò di èyí tí wọ́n fà wá sí àárín, adájọ́ kò sì gbọdọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀ ní máàkì. Òfin náà dára, ṣùgbọ́n ó ní ohun tí ó ń náni: olùdíje tí àwọn kan fẹ́ràn gidigidi tí àwọn kan sì kórìíra yóò ṣòro láti gòkè ju ẹni tí gbogbo wọn kàn fara mọ́ lọ.

Ṣé àwọn àgbà àtijọ́ kì í ṣìtẹ̀?

Wọ́n ń ṣìtẹ̀ dáadáa. Alfred Cortot, tí àwọn rékọ́ọ̀dù Chopin rẹ̀ ṣì ń tà títí di òní, gbajúmọ̀ fún àṣìtẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ fi ń retí rẹ̀. Artur Schnabel ni ó kọ́kọ́ gba gbogbo sonátà 32 (orin gígùn alápá-alápá) tí Beethoven kọ fún píánò sílẹ̀, láàárín 1932 sí 1935. Nígbà tí ó kan èyí tí ó le jù nínú wọn, èyí tí nọ́ḿbà rẹ̀ jẹ́ 106 nínú àkójọ àwọn iṣẹ́ Beethoven, ó gbìyànjú láti sáré tó bí Beethoven ṣe ní kí wọ́n sáré, ìka rẹ̀ sì ń gbá ohun tí kò sí nínú ìwé.

Ohun tí ó yí wa padà ni téèpù. Láti òpin àwọn ọdún 1940 ni ó ti ṣeé ṣe láti gé ibi tí ó bàjẹ́ kúrò kí a sì lẹ ibi tí ó dára mọ́ ọn. Ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún 1965, Vladimir Horowitz padà sórí ìtàgé ní Carnegie Hall ní New York lẹ́yìn ọdún 12 tí kò ti tẹ dùùrù ní gbangba, ó sì ṣìtẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ orin àkọ́kọ́ gan-an. Rékọ́ọ̀dù tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ti tún àwọn àṣìtẹ̀ kan ṣe. Ó di 2003 kí wọ́n tó tà á bí ó ṣe rí gan-an. Etí tí ó ti gbọ́ ọgbọ̀n ọdún orin tí wọ́n fi abẹ́ tún ṣe kò ní rí ara gba èèyàn ẹlẹ́ran-ara mọ́.

Ẹni tí ó ń dijú, tí ó ń mi orí, tí ó ń wo òkè ọ̀run, ṣé òun ni ó ń fọkàn ṣe é?

Ojú lọ̀rọ̀ wà, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà sì wà. Ní 2013, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Chia-Jung Tsay gbé ìwádìí jáde, nínú èyí tí ó ti fi fídíò kéékèèké láti inú àwọn ìdíje orin han àwọn èèyàn kí wọ́n sọ ẹni tí ó gbadé. Àwọn tí wọ́n wo àwòrán láìsí ohùn kankan mọ̀ ọ́n ju àwọn tí wọ́n gbọ́ ohùn lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún àwọn tí orin jẹ́ iṣẹ́ wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti fi ìdánilójú sọ pé ohùn ni àwọn ń tẹ̀ lé. Rachmaninoff, atẹdùùrù àgbà ọmọ Rọ́ṣíà, ní tirẹ̀, máa ń jókòó síwájú píánò bí ère, láìrẹ́rìn-ín, láìmira, omijé sì ń bọ́ lójú àwọn tí ń gbọ́ ọ.

Kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó yìí?

Akin Euba, ọmọ Èkó tí a bí ní 1935, tí ó kọ́ni ní Ifẹ̀ àti ní Pittsburgh kí ó tó kú ní 2020, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣàlàyé pé a lè tẹ píánò bí ìlù ilẹ̀ Áfíríkà. Nínú irú orin bẹ́ẹ̀, ìlù méjì tàbí mẹ́ta ń wọnú ara wọn láàárín ọwọ́ méjì ẹnì kan. Bí ìka kan bá pẹ́ díẹ̀, ariwo lásán ni ìtara atẹdùùrù náà yóò dà.

Olùkọ́ ọmọ mi kò mọ̀ ju kí ó bínú sí àṣìtẹ̀ lọ. Ṣé kí n yọ ọmọ náà?

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ìdánwò fúnra rẹ̀ ń béèrè. Nínú ìdánwò olójúkojú ti ABRSM, àjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń ṣe ìdánwò orin, tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń ṣe ní Èkó àti ní Lọ́ńdọ̀nù, gbogbo máàkì jẹ́ 150, 100 sì ni a fi ń yege. Orin mẹ́ta kó 90 nínú rẹ̀. Nǹkan márùn-ún ni olùyẹ̀wò sì ń wò nínú orin kọ̀ọ̀kan: bóyá ohùn tọ̀nà, bóyá àsìkò dúró, bí ìró ṣe dán tó, bí orin ṣe ń gòkè tí ó sì ń sọ̀, àti bí ọmọ ṣe gbé gbogbo rẹ̀ kalẹ̀. Ọ̀kan péré nínú márùn-ún ni àṣìtẹ̀ lásán. Ẹ fi èyí han olùkọ́ náà pẹ̀lú ìtẹríba. Bí ó bá ṣì ń pariwo, ẹ wá ẹlòmíràn. Nílé, ẹ ní kí ọmọ fi ẹnu kọ orin náà kí ó tó tẹ̀ ẹ́; bí kò bá lè fi ẹnu kọ ọ́, ìka rẹ̀ kò tíì mọ ibi tí ó ń lọ.

Ṣé ó yẹ kí n bẹ̀rù bí ó bá ń tẹ̀ ẹ́ fún wákàtí púpọ̀?

Ó yẹ. Leon Fleisher ti Amẹ́ríkà wà lára àwọn tí ọwọ́ wọn pé jù lọ ní ayé. Ní àárín àwọn ọdún 1960, ìka méjì nínú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ká kò, ọwọ́ òsì nìkan ni ó sì fi ń tẹ píánò fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún kí ìtọ́jú tó jẹ́ kí ó lè lo méjèèjì padà. Òun fúnra rẹ̀ di ẹ̀bi rẹ̀ ru ìdánrawò àṣejù. Bí ọwọ́ bá ti ń dun ọmọ, kí ó dìde. Kò sí ìtara kankan nínú ìrora ọrùn ọwọ́.

Ṣé ẹ̀rọ kò ní gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ èèyàn?

Láti 1904 ni Jámánì ti ní píánò tí ń fúnra rẹ̀ tẹ ohun tí atẹdùùrù ti tẹ̀ sílẹ̀, síbẹ̀ tíkẹ́ẹ̀tì ìdíje Warsaw kì í pẹ́ tán.

Báwo ni mo ṣe lè dá ẹjọ́ yìí fúnra mi?

Àjọ Chopin (Chopin Institute) ní Warsaw, tí ń ṣètò ìdíje náà, ti gbé fídíò ìdíje náà sórí YouTube, lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ mú orin kan tí Eric Lu àti Kevin Chen, ọmọ Kánádà tí ó ṣe ipò kejì, jọ tẹ̀. Ẹ dojú fóònù délẹ̀ kí ẹ má baà rí ẹni tí ń tẹ̀ ẹ́, kí ẹlòmíràn sì yàn fún yín. Ẹ máa tẹ́tí sí ọwọ́ òsì. Ọdún 2030 ni ìdíje mìíràn, nítorí náà àyè wà dáadáa láti tún un gbọ́.