Kí ló dé tí kánsù kò lè lé ṣọ́ọ̀bù bẹ́tìn kúrò ládùúgbò? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Peckham, Woolwich tàbí East Ham ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń bínú sí kánsù wọn torí ṣọ́ọ̀bù bẹ́tìn àti ilé kalokalo tó kún òpópónà. Ìbínú náà tọ́, àmọ́ ibi tó yẹ kó dorí kọ kọ́ ló ń dorí kọ.

Ṣebí kánsù ló ń fún wọn ní láísẹ́ǹsì? Kí ló dé tí wọn ò kàn sọ pé rárá?

Òótọ́ ni, kánsù ló ń fún wọn. Àwọn adájọ́ májísíréètì ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn tẹ́lẹ̀, kí òfin tẹ́tẹ́ ọdún 2005, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní September 2007, tó gbé e lé kánsù lọ́wọ́. Láyé òfin àtijọ́, adájọ́ lè béèrè bóyá àdúgbò nílò ṣọ́ọ̀bù mìíràn. Bó bá rí i pé èyí tó wà nílẹ̀ ti tó, ó lè dá ẹni tó wá tọrọ láísẹ́ǹsì padà lọ́wọ́ òfo.

Òfin tuntun pa ìbéèrè yẹn rẹ́. Abala 153 sọ ọ́ gbangba pé kánsù kò gbọdọ̀ wò ó bóyá àwọn ènìyàn nílò ṣọ́ọ̀bù náà. Ó tún ní kí kánsù fi àtifúnni láyè sọ́kàn, níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó tọrọ bá ti tẹ̀lé ìlànà Gambling Commission, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso tẹ́tẹ́, àti ti kánsù fúnra rẹ̀, tí tẹ́tẹ́ náà kò sì ní bí ìwà ọ̀daràn, tí kò ní màgòmágó nínú, tí kò sì ní pa ọmọdé àti àwọn tí tẹ́tẹ́ tètè ń kó sí wàhálà lára. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́jọ lè tò sórí ìlà kan; ìyẹn nìkan kò tó ìdí láti kọ ìkẹsàn-án. Lójú tèmi, kò sí ibi tó burú tó abala yẹn nínú gbogbo òfin náà.

Ṣé kò sí kánsù tó ti gbìyànjú láti kọ̀?

Newham, kánsù tó ni East Ham, gbìyànjú. Ní 2013, wọn ò fún Paddy Power, ilé iṣẹ́ bẹ́tìn ńlá kan, ní láísẹ́ǹsì kan tó tọrọ, wọ́n ní ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ ni ṣọ́ọ̀bù náà fẹ́ máa fi pawó, kì í ṣe bẹ́tìn orí ẹṣin àti bọ́ọ̀lù. Ilé iṣẹ́ náà gba ilé ẹjọ́ májísíréètì lọ, kánsù sì pàdánù. Newham kò káwọ́ gbera. Wọ́n kó kánsù tó lé ní 90 jọ, wọ́n kọ̀wé sí ìjọba pé kí wọ́n dín owó tí ènìyàn lè fi ta lẹ́ẹ̀kan lórí ẹ̀rọ wọ̀nyẹn kù sí £2.

Èló ni wọ́n ń fi ta tẹ́lẹ̀?

£100. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 20, èèyàn tún lè tẹ £100 mìíràn. Ẹ ṣírò rẹ̀: £300 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó gbowó ọ̀sẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, tó ní kóun yà síbẹ̀ kí bọ́ọ̀sì tó dé, bọ́ọ̀sì lè dé kí kọ́bọ̀ má kù lápò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ mẹ́rin péré ni òfin gbà fún ṣọ́ọ̀bù kan, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ mẹ́jọ lópòópónà kan á ṣí ṣọ́ọ̀bù méjì.

Ní November 2018, Tracey Crouch, mínísítà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ náà, kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ torí ìjọba fẹ́ fi àdínkù náà falẹ̀. Ní April 1, 2019, £2 fìdí múlẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ló sì ṣe é. Kánsù kankan kò ní agbára láti dín iye yẹn kù.

Kí wá ni agbára kánsù?

Ọ̀nà kan tó lágbára wà ní ẹ̀ka tó ń bójú tó ilé àti ilẹ̀. Kó tó di April 2015, ẹnikẹ́ni lè sọ ilé báǹkì di ṣọ́ọ̀bù bẹ́tìn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láì gba àṣẹ. Báyìí, dandan ni kó gbàṣẹ. Kánsù tún lè fi òté sórí láísẹ́ǹsì: kí ẹ̀ṣọ́ máa wà lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n tètè máa tilẹ̀kùn. Èyí ṣe pàtàkì fún ilé kalokalo. Òfin ti ní kí ṣọ́ọ̀bù bẹ́tìn tilẹ̀kùn láti aago 10 alẹ́ di 7 àárọ̀, àyàfi bí kánsù bá yí i padà. Ilé kalokalo lè ṣí mọ́jú.

Mo fẹ́ kọ̀wé takò wọ́n. Kí ni kí n kọ?

Ẹ wo gíláàsì ilé náà. Ẹni tó ń tọrọ gbọ́dọ̀ lẹ ìwé ìkéde síbẹ̀ fún ọjọ́ 28, láàárín ọjọ́ yẹn sì ni lẹ́tà yín gbọ́dọ̀ dé kánsù. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ẹ̀ ń gbé nítòsí, tàbí ẹ ní òwò níbẹ̀, tàbí ẹ̀ ń ṣojú fún ẹni tó wà níbẹ̀.

Ẹ má kọ ọ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni tẹ́tẹ́. Mo mọ̀ pé èyí á dun ọ̀pọ̀ wa, torí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí la ti máa ń kó ìbuwọ́lùwé jọ, ṣùgbọ́n kánsù kò gbọdọ̀ ka irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ sí. Ohun tí ojú yín rí ni kẹ́ ẹ kọ, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago: àwọn ọmọ iléèwé tó ń dúró sẹ́nu ọ̀nà yẹn láago mẹ́rin, ìjà alẹ́ Sátidé tí ọlọ́pàá wá là, ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí tẹ́tẹ́ ti di bárakú fún, tó wà ní òdìkejì títì. Bí ṣọ́ọ̀bù náà bá ti ṣí, ẹ ṣì lè ní kí kánsù tún láísẹ́ǹsì rẹ̀ yẹ̀ wò.

Ẹ̀rọ inú páàbù ńkọ́?

Páàbù tó ní láísẹ́ǹsì ọtí lẹ́tọ̀ọ́ sí méjì. Kó sọ fún kánsù, kó sanwó, ó parí. Bó bá fẹ́ ju méjì lọ, á tọrọ àyè. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan èyí tí wọ́n ń fi £1 ta láti jẹ £100, bí páàbù bá sì gbà á láyè, kánsù lè gba ẹ̀tọ́ ẹ̀rọ méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀.