Àdáṣe Tí Kò Hun Ọmọ: Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Àwo Orin Tí Ẹnì Kan Dá Ṣe

Ní Ìbàdàn níbi tí mo ń gbé, orin kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Bí àwọn onídùndún bá ya ilé olóde, ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n gúdúgúdú, omele àti kẹríkẹrì ló ń gbé ọ̀rọ̀ náà ró, bí ọ̀kan nínú wọn bá sì dákẹ́, ẹni tó wà lójú títì pàápàá á mọ̀ pé nǹkan ti yẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí àwo kan tí Paul McCartney, olórin Gẹ̀ẹ́sì tó ti wà nínú ẹgbẹ́ Beatles, gbé jáde ní 1980, McCartney II, tẹ̀ mí lọ́wọ́, tí mo sì gbọ́ pé òun nìkan ló lu ìlù, tó ta gìtá, tó tẹ dùùrù, tó sì ń lé orin níbẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn, pé àdáṣe ní í hun ọmọ. Lẹ́yìn tí mo ti gbọ́ ọ tán lẹ́ẹ̀mẹta ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ibi tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ̀ wá.

Irinṣẹ́ ló ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún un. Ní oṣù kẹrin ọdún 1941, Sidney Bechet, afunfèrè jáàsì ọmọ New Orleans, dá fun clarinet àti saxophone oríṣi méjì, ó tẹ dùùrù, ó ta béèsì, ó sì lu ìlù nínú orin kan náà. Kò lo téèpù rárá. Wọ́n gba ohùn èlò kan sórí àwo, wọ́n wá ń lu àwo yẹn sí i létí bó ṣe ń fi èkejì lé e, tí méjèèjì sì ń wọ inú àwo tuntun. Àwo tuntun yẹn ni wọ́n tún máa lù kí ẹ̀kẹta tó lè wọlé. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dà á kọ báyìí ni ohùn tó ti wà nísàlẹ̀ ń rẹ̀yìn sí i, tí ariwo àwo sì ń ga sí i, bó bá sì ṣi ọwọ́ lé èlò karùn-ún, kò sí bí wọ́n ṣe lè yọ àṣìṣe náà nìkan kúrò. Orin méjì péré ló gbé jáde lọ́nà yìí.

Ilẹ̀ Jámánì ni ìtura ti wá. Ilé iṣẹ́ AEG ti fi ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kan han aráyé ní 1935, èyí tó ń lo téèpù tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú irin kùn lára, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n sì gbé ìmọ̀ rẹ̀ dé Amẹ́ríkà. Les Paul, onígìtá tó tún jẹ́ aṣẹ̀dá ẹ̀rọ, kò jẹ́ kí ẹ̀rọ náà sinmi lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tó sì di 1957, ilé iṣẹ́ Ampex gbé ọ̀kan fún un tó ní ojú ìlà mẹ́jọ. Níbi tó dára sí, téèpù kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ohùn kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀ lórí rẹ̀, olórin sì lè máa gbọ́ ìlà tó ti kún kó tó dáhùn sórí ìlà tó ṣófo. Bó bá ṣi í, ìlà yẹn nìkan ló máa pa rẹ́. Èmi gbà pé ọjọ́ yẹn gan-an ni ẹnì kan ṣoṣo tó lè di ìyáàlù àti omele fún ara rẹ̀.

Ohun tó kù ni àyè. Àwo àtijọ́ tó ń yí nígbà 78 ní ìṣẹ́jú kan kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin lójú kan. Ní oṣù kẹfà ọdún 1948 (ọdún tí wọ́n dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní Ìbàdàn yìí) ni ilé iṣẹ́ agbáwojáde Columbia gbé àwo fáínìlì jáde, tó ń rọra yí nígbà 33⅓, tó sì ń gba ìṣẹ́jú tó lé ní ogún lójú kọ̀ọ̀kan.

Ní ìparí 1969, nígbà tí ẹgbẹ́ Beatles ń tú ká, McCartney gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ onílà mẹ́rin wọ ilé rẹ̀ ní London, ó so gbohùngbohùn mọ́ ọn ní tààrà láìsí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po ohùn pọ̀, ó sì gbé àwo àdáṣe rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní oṣù kẹrin 1970. Linda ìyàwó rẹ̀ nìkan ló bá a gbè é. Stevie Wonder, olórin Amẹ́ríkà, tẹ̀ lé e ní 1972. Ní 1973 ni Mike Oldfield, olórin Gẹ̀ẹ́sì, gbé tirẹ̀ jáde. Ilé ló ti kọ́kọ́ dán an wò, lórí ẹ̀rọ téèpù tó yá, tó sì fi páálí bo ibi tí ẹ̀rọ náà fi ń pa ohùn rẹ́, kí ohùn tuntun lè gun ti tẹ́lẹ̀.

Ìtàn yìí tilẹ̀ ya ilẹ̀ wa. Ní 1973 kan náà, McCartney ń bọ̀ ní Èkó láti wá ṣe àwo ní sítúdíò EMI ní Àpápá, méjì nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ tuntun, Wings, sì yọwọ́ kí wọ́n tó gbéra. Nígbà tó débẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló jókòó ti ìlù. Àwọn olè tún fi ọ̀bẹ gba téèpù tó fi ṣe àkọsílẹ̀ àwọn orin náà lọ́wọ́ rẹ̀, orí ló sì fi rántí wọn.

Ẹni tó ti rí bẹ́ẹ̀ ló tún dá jókòó ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 1979, ní oko rẹ̀ ní Scotland àti ní ilé rẹ̀ ní Sussex, pẹ̀lú ẹ̀rọ onílà mẹ́rìndínlógún àti àwọn synthesizer, ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná dá ìró orin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Orin pọ̀ débi pé àwo méjì ló kọ́kọ́ fẹ́ fi ṣe kó tó gé e sí ọ̀kan. Àwo náà tà gan-an, ó sì gba ipò kìíní ní Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn alárìíwísí fojú ṣeréṣeré wò ó. Ní Amẹ́ríkà, orin àkọ́kọ́ rẹ̀, Coming Up, ló mókè jù níbẹ̀, àmọ́ èyí tó kọ pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀ lójú agbo ní Glasgow ni wọ́n gbà. Àdáṣe rẹ̀ gan-an, tó ti yí ìyára téèpù padà kí ohùn rẹ̀ lè fẹ́lẹ́ bí ti ọmọdé, wọn kò fẹ́ ẹ. Ó dùn mí, nítorí ohùn fẹ́lẹ́ yẹn ló jẹ́ kí ìlù rẹ̀ dà bí ẹni ń fi ọwọ́ lu tábìlì nínú yàrá tí kò sí èèyàn.

Alẹ́ ni mo máa ń gbọ́ ọ, lẹ́yìn tí jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò bá ti sinmi. Nínú orin kejì, synthesizer ń hó kùtùkùtù bí omi ẹlúbọ lórí iná, kò sinmi, kò yí ìró padà. Gìtá onígi yọ sí i lójijì, ó dá a lóhùn, ó sì tún wọlé lọ. Ẹni kan náà ló ń pè, òun náà ló ń jẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ìdáhùn náà ti bọ́ sílẹ̀. Nínú Waterfalls, ó kó ohun púpọ̀ kúrò, ó ku dùùrù, ohùn rẹ̀, gìtá díẹ̀ àti ìró bíi ti gòjé tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn tó ń gbọ́ orin tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe lóde òní ti padà sórí àwo yìí, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe padà sórí àwọn àwo tí William Onyeabor, olórin ilẹ̀ wa tó ń lo synthesizer, ṣe ní Enugu láàárín 1977 sí 1985.

Ní òpin ojú kejì, gbogbo ẹ̀rọ yẹn dákẹ́. Gìtá kan àti ohùn McCartney ló kù, ohùn kan náà sì ni wọ́n tún fi lé e lórí láti gbè é, títí abẹ́rẹ́ á fi rìn wọ ìlà òfìfo tó wà láàárín àwo, níbi tó ti ń dún fínfín títí mo fi dìde gbé e kúrò.