Fọ́máàtì ló ń pa fáìlì rẹ́, kì í ṣe Windows ojúlówó

Bí ẹ bá gbé láptọ́ọ̀pù lọ bá ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, tí ẹ ní kó bá yín yọ Windows ayédèrú kúrò, ohun tó sábà máa kọ́kọ́ sọ ni pé, "A máa fọ́máàtì ẹ̀ ni o, gbogbo nǹkan inú ẹ̀ ló máa lọ." Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sá padà. Fọ́tò òkú bàbá wọn wà níbẹ̀, ìwé àwọn tó jẹ wọ́n lówó ọjà wà níbẹ̀. Wọ́n á kúkú máa lo kíráàkì wọn, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ṣí Windows láìsanwó, lọ.

Oníṣẹ́ yẹn kò pa irọ́ tán, àmọ́ kò sọ òótọ́ tán. Fọ́máàtì yá a lọ́wọ́ ju kó máa wá ibi tí àìsàn wà lọ.

Láísẹ́ǹsì Windows kò ju kóòdù oní lẹ́tà àti nọ́ńbà 25 lọ. Bó bá jẹ́ pé Windows tí Microsoft ṣe gan-an ló wà níbẹ̀, tó kàn jẹ́ pé wọn kò sanwó rẹ̀, ẹ ra kóòdù tó bá irú Windows náà mu, Home fún Home, Pro fún Pro. Lórí Windows 11, ẹ wọ Settings, System, Activation, kí ẹ tẹ "Change product key", kí ẹ sì kọ kóòdù náà síbẹ̀. Fáìlì kankan kò ní mira. Ẹni tó lọ ṣe ìwé sí ilé tó ti ń gbé kì í tìtorí ẹ̀ kó bẹ́ẹ̀dì síta.

Ẹ tiẹ̀ lè má nílò láti ra nǹkan kan. Láti ìgbà tí Windows 8 ti jáde ní 2012 ni àwọn tó ń ṣe láptọ́ọ̀pù, bíi HP, Dell àti Lenovo, ti ń tẹ kóòdù mọ́ inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tí wọ́n ń tà fún wa ló ní i nínú, kí ẹnì kan tó wá fi Pro oní kíráàkì bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ ṣí PowerShell, ojú ibi tí wọ́n ti ń kọ àṣẹ fún Windows, kí ẹ kọ èyí:

(Get-CimInstance SoftwareLicensingService).OA3xOriginalProductKey

Bí kóòdù bá jáde, ẹ̀rọ yín ti ní tirẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Àmọ́ tó bá jẹ́ ti Windows 8, ẹ má gbójú lé e fún Windows 10 tàbí 11. Microsoft ti ti ilẹ̀kùn yẹn ní 2023.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ fọ́máàtì ti jẹ́ òótọ́ ni ìgbà tí kíráàkì náà ti ba inú kọ̀ǹpútà jẹ́. Irú kíráàkì tí wọ́n ń pè ní KMS kì í ju ọjọ́ 180 lọ kó tó fẹ́ kí wọ́n tún un ṣe, ìdí nìyẹn tó fi sábà máa ń fi nǹkan kan sílẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. Ẹ sì rántí pé àwọn tó ń pín kíráàkì sábà máa ń ní kí ẹ pa antivirus kí ẹ tó fi í sí i. Ta ló mọ ohun tó tún bá a wọlé? Níbí, èmi náà á ní kí ẹ fọ́máàtì ẹ̀rọ náà pátápátá.

Ṣùgbọ́n ẹ kó ẹrù yín kúrò ná. Inú C, nínú fódà Users, lábẹ́ orúkọ yín, ni Desktop, Documents, Pictures àti Downloads wà. Ẹ dà wọ́n kọ sórí hard disk míì, kí ẹ sì ṣí mélòó kan níbẹ̀ wò lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíì. Ẹ má kó ètò ìṣiṣẹ́ kankan dání, torí ibẹ̀ ni kòkòrò máa ń sá pamọ́ sí. Bí Windows kò bá tiẹ̀ tàn mọ́, ẹ fi Ubuntu, ètò ọ̀fẹ́ kan tó ń ṣe iṣẹ́ bíi ti Windows, sórí fláàṣì, ẹ fi tan ẹ̀rọ náà, ẹ mú "Try Ubuntu", kí ẹ kó fáìlì yín jáde láìfi ọwọ́ kan nǹkan míì.

Àfi tí BitLocker, àgádágodo tí Windows fi ń ti dísìkì, bá ti tì í. Nígbà náà, kọ́kọ́rọ́ oní nọ́ńbà 48 nìkan ló lè ṣí i, inú àkáǹtì Microsoft yín ló sì sábà máa ń wà. Ẹ wá a jáde kí oníṣẹ́ tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà.