Ṣé Ó Yẹ Kí Orílẹ̀-Èdè Kékeré Dáwó sí CERN?

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2009, Johannes Hahn, mínísítà tó ń rí sí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Austríà, kéde pé orílẹ̀-èdè òun máa yọ ẹsẹ̀ kúrò nínú CERN, ẹgbẹ́ tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù dá sílẹ̀ ní Geneva láti máa fi ẹ̀rọ ńlá wádìí àwọn ègé tíńtìntín tó wà nínú átọ́ọ̀mù. Láti ọdún 1959 ni Austríà ti wà nínú ẹgbẹ́ náà. Àlàyé tó ṣe kò ta kókó: nǹkan bíi 20 mílíọ̀nù yúrò ló ń lọ sí Geneva lọ́dọọdún, owó yìí nìkan ló sì ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún ìwádìí tí wọ́n ń bá orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe. Tó bá dúró sílé, iṣẹ́ mìíràn á rí owó jẹ. Ariwo sọ. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí olórí ìjọba, Werner Faymann, fi wọ́gi lé ìpinnu náà, Austríà sì jókòó sí àyè rẹ̀.

Àmọ́ ìbéèrè Hahn ò kú. Orílẹ̀-èdè kékeré yòówù tó bá dé ẹnu ọ̀nà CERN ló ń tún un bi ara rẹ̀: kí la fẹ́ máa sanwó fún gan-an?

Meyrin ni CERN wà, lẹ́bàá Geneva, níbi tí Swítsálándì ti bá Faransé pààlà. Orílẹ̀-èdè 12 ló dá a sílẹ̀ ní 1954, nígbà tí ọgbẹ́ ogun ò tíì jinná, tí kò sì sí ìkankan nínú wọn tó lè dá owó irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ gbé. Nígbà tí Slofẹ́níà wọlé ní 2025, iye wọn di 25. LHC ni ẹ̀rọ tó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀: ihò roboto kan ni, tí wọ́n gbẹ́ sábẹ́ ilẹ̀, tí ìyípo rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 27. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń lé ègé átọ́ọ̀mù ní eré àsápajúdé, títí eré náà á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ìmọ́lẹ̀ dọ́gba, wọ́n á wá jẹ́ kí wọ́n forí sọ ara wọn láti wo ohun tó máa fọ́n jáde. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí Higgs boson, ègé kan tí àwọn onímọ̀ ti ń wá tipẹ́, tí wọ́n kéde ní ọjọ́ 4 oṣù Keje 2012.

Bí wọ́n ṣe ń pín ìnáwó náà kò ṣòro. Wọ́n á wo iye tó ń wọlé fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì bù ú lé e lórí bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ. Ìnáwó ọdún kan lé ní bílíọ̀nù kan fíráǹkì Swítsálándì, Jámánì nìkan sì ń dá nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀. Tíńtín ni ti Estóníà, tí èèyàn rẹ̀ kò pé mílíọ̀nù kan àtààbọ̀. Bẹ́ẹ̀ tó bá di ìdìbò nínú Ìgbìmọ̀ CERN, ìbò kan ni Jámánì ní lórí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀, ìbò kan náà ni Estóníà ní. Ẹgbẹ́ mélòó láyé ni ẹni tó dá kọ́bọ̀ ti ń bá ẹni tó dá náírà dìbò lọ́gbọọgba?

Ibi tí ọ̀pọ̀ olóṣèlú ti ń ṣìnà ni pé ojú èsúsú ni wọ́n fi ń wo owó náà: mo dá, ìgbà wo ló kàn mí láti kó? Kò sí kíkó níbẹ̀. Ohun tó ń padà wálé ń gba ọ̀nà iṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ ìlú bá rí gbà, àyè iṣẹ́ tí ọmọ ìlú bá rí, àti ọgbọ́n tí àwọn tó lọ bá kó bọ̀.

Ti iṣẹ́ yẹn lẹnu ń kun jù. CERN ń ra irin, wáyà, kọ̀ǹpútà, gáàsì tí wọ́n fi ń mú mágínẹ́ẹ̀tì tutù ju yìnyín lọ fíìfíì, títí dé orí iṣẹ́ ilé kíkọ́ àti ìmọ́tótó. Ilé iṣẹ́ tí ọjà rẹ̀ bá péye, tó sì dá owó tó kéré jù, ló sábà ń gbà á. Èyí dùn mọ́ Faransé àti Swítsálándì tó wà lẹ́nu ọ̀nà, nítorí agbálẹ̀ ò lè máa ti Tallinn, olú ìlú Estóníà, wá sí Geneva láràárọ̀. CERN mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń ka iye tó padà sọ́dọ̀ olúkúlùkù. Tí ti orílẹ̀-èdè kan kò bá tó nǹkan, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì dá owó tí kò fi ju ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún lọ ju ti ẹni tó dá kékeré jù, wọ́n lè fún un láyè kó já owó tirẹ̀ wálẹ̀ kó sì gba iṣẹ́ náà. Òfin tó dáa ni. Ṣùgbọ́n kí ni òfin fẹ́ ṣe fún ìlú tí kò ní ilé iṣẹ́ kankan tó ń ṣe mágínẹ́ẹ̀tì tàbí wáyà tí wọ́n ń wá?

Àwọn tó ní kí orílẹ̀-èdè kékeré jókòó sílé ní ọ̀rọ̀ kan tó le ju ti owó lọ: ọ̀fẹ́ ni CERN ń fi ìmọ̀ rẹ̀ tọrẹ. Ibẹ̀ ni Tim Berners-Lee ti gbé èrò www kalẹ̀ ní 1989, ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin 1993 sì ni CERN fi í sílẹ̀ fún gbogbo ayé láìgba kọ́bọ̀. Ìwé tí wọ́n ń kọ lórí ohun tí wọ́n bá rí, ẹnikẹ́ni lè kà á. Tí ẹni tí kò dáwó bá ń jẹ nínú ọbẹ̀ náà, kí ló dé tí ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ á fi máa ra ẹran sí i?

Ìdáhùn wà ní Austríà fúnra rẹ̀. Ní Wiener Neustadt, ibùdó kan wà tí wọ́n ń pè ní MedAustron, tí wọ́n ti ń fi prótọ́ọ̀nù àti ègé kábọ́ọ̀nù pa jẹjẹrẹ níbi tó bá sá pamọ́ sí nínú ara. CERN ló bá wọn ya àwòrán ẹ̀rọ náà, oṣù Kejìlá 2016 ni wọ́n sì tọ́jú aláìsàn àkọ́kọ́. Gbogbo ìwé tó sọ bí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ lèèyàn lè kà nílé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń tò ó, bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ó fẹ́ bàjẹ́ kó tó bàjẹ́, ọwọ́ ló mọ ìyẹn. Ẹni tó bá ti bá wọn ṣe é ló ń mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ ọwọ́ ni físíìsì yìí jọ, ọmọṣẹ́ ò lè kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ láti inú ìwé.

Bẹ́ẹ̀, kò pọn dandan kéèyàn san owó kíkún kó tó fọwọ́ kan irin. Yunifásítì lè dara pọ̀ mọ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ olùwádìí tó ń lo LHC láìjẹ́ pé ìjọba ìlú rẹ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Gúúsù Áfíríkà ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọdún pípẹ́, kò sì tíì sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà kankan tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ kíkún. Owó ìtọ́jú ẹ̀rọ ni irú yunifásítì bẹ́ẹ̀ ń san, iye àwọn tó ti gba oyè dókítà lára àwọn èèyàn rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń ṣírò rẹ̀. Wọn kì í ka akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ ọn, ọgbọ́n tó mú kí ilé ẹ̀kọ́ tí kò lówó lè rán ọmọ lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ipò alábàáṣe. Ó kéré tán, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí orílẹ̀-èdè náà ì bá san gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́ kíkún ló máa san. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ lè du iṣẹ́, àwọn ọmọ ìlú rẹ̀ lè wáṣẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó níwọ̀n, kò sì ní ìbò. Áyálándì gba ọ̀nà yìí wọlé ní 2025, pẹ̀lú owó tí ìjọba rẹ̀ ṣírò sí nǹkan bíi 1.9 mílíọ̀nù yúrò lọ́dún. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn onímọ̀ wọn fi ń bẹ ìjọba kó tó gbà. Estóníà ní tirẹ̀ kò dúró síbẹ̀. Láti àwọn ọdún 1990 ni ibùdó ìwádìí kan ní Tallinn ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ nínú CMS, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ olùwádìí tó ń lo LHC. Ní 2021 Estóníà bọ́ sí ipò ẹni tó ń gòkè bọ̀ wá di ọmọ ẹgbẹ́, ipò tí owó ti ń bẹ̀rẹ̀ láti ìdá kan nínú mẹ́rin tó sì ń ga díẹ̀díẹ̀, ní oṣù Kẹjọ 2024 ó di ọmọ ẹgbẹ́ kíkún.

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Ó ti lé lógún ọdún tí Estóníà ti ní èèyàn nínú iṣẹ́ náà kí ìjọba tó san owó kíkún, nítorí náà ọwọ́ tó máa gba ohun tó ń padà bọ̀ ti wà nílẹ̀. Ìlú tó bá kọ́kọ́ san owó, tó wá ń wá onímọ̀ lẹ́yìn náà, àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ tó mú jù ló máa kó lọ sí Geneva. Wọn ò sì ní padà, nítorí kò sí ilé ìwádìí tó máa gbà wọ́n nílé.

Ọ̀rọ̀ tó kàn wà lórí tábìlì báyìí: ihò roboto tuntun tí wọ́n ń pè ní FCC, tí ìyípo rẹ̀ máa jẹ́ kìlómítà 91, tí owó rẹ̀ sì máa tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 15 fíráǹkì. Nǹkan bí ọdún 2028 ni wọ́n ń retí kí Ìgbìmọ̀ pinnu bóyá wọ́n á gbẹ́ ẹ tàbí wọn ò ní gbẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ náà, Estóníà máa nawọ́ sókè bíi Jámánì, á sì ru ìpín tirẹ̀ nínú gbèsè tó bá tẹ̀ lé e. Àga ẹ̀gbẹ́ ni Áyálándì máa wà, á máa wò wọ́n.